Aṣọ àránpọ̀ fún ilé: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, iye tó yẹ kẹ́ ẹ tà á, àti bí ẹ ṣe lè tà á lórí ayélujára láti Súrùlérè, Yábà àti Muṣin

Ká ní ẹnì kan wà ní Muṣin tó ń fi ìrépé ankara rán ìbòrí throw pillow, tó sì ń tà á ní ₦5,000 lórí Instagram. Ọjà ń yá, àwọn èèyàn ń sọ pé ó rẹwà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ owó aṣọ ẹ̀yìn, síípù, òwú, iná àti ọ̀rá tó fi dì í kúrò, tẹ́ ẹ wá fi iye wákàtí tó fi rán an pín ìyókù, owó tó ń rí ní wákàtí kan lè kéré sí ti ẹni tó ń gba ₦70,000 lóṣù. ₦70,000 yìí sì ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024. Ìṣirò náà wà nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò le kọ́. Ẹni tó bá ti lè rán ìlà tó gún lórí maṣíìnì lè ṣe é. Iye owó ló máa ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀, torí pé ìrépé dà bí ohun ọ̀fẹ́, wọ́n á wá máa ta àkókò wọn náà bí ohun ọ̀fẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye owó rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tà á lórí ayélujára láìsọ owó nù.

Kí ni aṣọ àránpọ̀?

Ìpele mẹ́ta ló ní. Ojú rẹ̀ ni ibi tí ègé aṣọ oríṣiríṣi ti para pọ̀. Inú rẹ̀ ni ohun tó ń jẹ́ kó nípọn, bíi fiber tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni aṣọ kan ṣoṣo tó bo gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá ti tò ó léra tán, wọ́n á rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ ní ìlà ìlà, kí inú rẹ̀ má bàa ṣù jọ sójú kan tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Òyìnbó ń pè é ní quilt. Aṣọ àránpọ̀ la ó máa pè é níbí.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ tó ní ègé púpọ̀ ni àránpọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá kàn rán ègé mọ́ ègé, tí kò ní inú, tí kò sì ní ẹ̀yìn, ojú lásán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ ìyàtọ̀ náà, torí owó méjèèjì ò dọ́gba.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe fún ilé rèé: ìbòrí throw pillow, mátì orí tábìlì, aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora ọmọ ìkókó, àti aṣọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri.

Ṣé iṣẹ́ òyìnbó ni?

Orúkọ yẹn ni ti òyìnbó. Ọgbọ́n pé kéèyàn to ègé aṣọ pọ̀ kó di ohun iyì kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún. Ègé aṣọ lórí ègé aṣọ ni, àwọn ọmọ ilé á sì máa fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ní 2019, ilé ìkóǹkanìṣẹ̀ǹbáyésí Brooklyn Museum ní New York ṣe àfihàn kan tí wọ́n pè ní "One: Egúngún", tó dá lórí ẹ̀kú kan ṣoṣo láti Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ tó wà lára ẹ̀kú náà lé ní 300, àwọn kan láti Áfíríkà, àwọn kan láti Yúróòpù, àwọn kan láti Éṣíà.

Lókè Ọya náà, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́ máa ń fi aṣọ tó ki bo ẹṣin wọn. Wọ́n á ki òwú igi àràbà sáàárín aṣọ, wọ́n á sì rán an papọ̀ kí ọfà má bàa tètè wọlé. Òwú àràbà yẹn kan náà ni wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí kí fiber tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn LUTH, ẹ wo orúkọ àdúgbò yín: Ìdí-Àràbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gee's Bend

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí iye owó lè sọ iṣẹ́ yìí dà, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Gee's Bend ni wọ́n ń pè é. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń gbé ibẹ̀, ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko òwú. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń gé aṣọ iṣẹ́ oko tó ti gbó, ṣòkòtò jeans, àpò ìyẹ̀fun, ohunkóhun tí wọ́n bá rí, wọ́n á sì fi rán aṣọ ìbora kí òtútù má bàa pa ọmọ wọn.

Ní 1966, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ lágbègbè náà tó ń jẹ́ Freedom Quilting Bee, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lè máa mú owó wọlé. Nígbà tọ́rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, dọ́là 10 péré ni wọ́n ń san fún obìnrin kan lórí aṣọ kan, tí wọ́n á wá lọ fi ṣe gbàǹjo ní New York. Ní 1972, ilé ìtajà ńlá Sears gbé iṣẹ́ ìbòrí ìrọ̀rí fún ẹgbẹ́ náà. Ní 2002, wọ́n pàtẹ àwọn aṣọ Gee's Bend ní ilé ọnà ní Houston, lẹ́yìn náà ní Whitney Museum ní New York. Ní 2006, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sára sítáàǹpù. Ní 2021, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn lórí Etsy, kí àwọn tó ń rà á lè máa sanwó fún àwọn tó rán an gan-an.

Ẹ wo ọdún tó wà láàárín 1966 àti 2021. Ọdún 55 ni. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń dá iye owó rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí ní Súrùlérè ní Instagram lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní, ẹ̀yin lẹ máa dá iye náà fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá wá dá a sí ibi tí kò tó, kò sí alágbàtà tẹ́ ẹ máa rí dá lẹ́bi.

Ohun èlò, àti ibi tẹ́ ẹ ti lè rí i

Ìrépé aṣọ: Àwọn télọ̀ àdúgbò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Lásìkò aṣọ ẹbí, àpò ìrépé máa ń kún ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ fún wọn ní àpò kan, ẹ máa wá gbé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní owó díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó, wọn ò ní fi fún ẹlòmíì, wọ́n á sì bá yín ya ankara sọ́tọ̀ kúrò lára lace.

Aṣọ ẹ̀yìn àti ankara odindi: Tèjúoṣó àti ọjà Yábà ò jìnnà sí yín, Ojúwòyè wà ní Muṣin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà púpọ̀, ẹ sọdá sí Balógun ní Erékùṣù.

Òkìríkà: Àwọn kan máa ń ra bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti búláńkẹ́ẹ̀tì òkìríkà láti gé. Ẹ rántí pé aṣọ àlòkù wà lára ohun tí ìjọba fòfin dè pé wọn ò gbọdọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ó pọ̀ lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ ẹ má gbé gbogbo òwò yín lé e, torí pé ó lè wọ́n nígbàkigbà.

Àwọn nǹkan kéékèèké: Sísọ́ọ̀sì tó mú tí ẹ ò ní fi gé páálí láé, tape, rúlà gígùn, pínnì púpọ̀, áyọ́ọ̀nù, àti abẹ́rẹ́ maṣíìnì nọ́ńbà 14. Abẹ́rẹ́ tín-ínrín máa ń kán tó bá kan ìpele mẹ́ta.

Ẹ fi iná dán ìrépé wò kẹ́ ẹ tó dà á pọ̀. Ẹ fa òwú kan yọ lára rẹ̀, kẹ́ ẹ fi iná sí i lórí àwo. Tó bá jó di eérú tó ń rùn bí ìwé tó jóná, kọ́tìn ni. Tó bá yọ́, tó sì di kókó líle, polyester ni. Ẹ má rán méjèèjì mọ́ra wọn, torí pé kọ́tìn lè sún kì tó bá kan omi, polyester ò ní sún kì, aṣọ náà á sì wú síbí wú sọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Àdìrẹ aláró ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ẹ máa ṣàn án títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Tẹ́ ẹ bá rán àdìrẹ tó ṣì ń ṣí mọ́ ègé funfun, ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń rán ìbòrí throw pillow ínṣì 18

Ohun tó dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀ nìyí, torí pé ó kéré, ó sì tètè ń tà.

1. Ẹ gé ègé 16, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 5 ní gígùn àti ní fífẹ̀. Ìdá mẹ́rin ínṣì kan ni ìránpọ̀ máa ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, ínṣì 4½ ni ègé kọ̀ọ̀kan máa kù. Mẹ́rin lọ́nà 4½ jẹ́ 18.

2. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ jìnnà sí i díẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Tí àwọ̀ kan náà bá ṣù jọ sójú kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé.

3. Ẹ rán ègé mọ́ ègé ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó wá rán ìlà mọ́ ìlà. Ẹ má fo lílọ̀ o. Ibẹ̀ ni igun mẹ́rin ti máa ń pàdé tàbí kó yẹ̀.

4. Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí ilẹ̀. Ẹ tẹ́ inú lé e, kẹ́ ẹ tẹ́ ojú lé gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn àti inú fi ínṣì kan tóbi ju ojú lọ yíká. Ẹ fi pínnì gún un láti àárín lọ sí etí.

5. Ẹ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. Àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti etí bẹ̀rẹ̀, aṣọ á ká jọ láàárín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ òwú gùn díẹ̀ ju ti aṣọ wíwọ̀ lọ. Ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ìránpọ̀ kọjá ti tó.

6. Ẹ gé etí rẹ̀ kó dọ́gba. Ẹ rán síípù àti aṣọ tó máa wà lẹ́yìn ìrọ̀rí mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi wífíǹ sí etí inú kí òwú má bàa máa tú.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò: ẹ má fi fiber sí i nínú. Polyester ni, iná á yọ́ ọ, ó sì lè jó oníbàárà lọ́wọ́. Táwẹ́ẹ̀lì kọ́tìn àtijọ́ tàbí jeans ìpele méjì ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́tìn.

Bẹ́ẹ̀dì "6 by 6" ńkọ́?

Ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ gbà nínú DM nìyí. Ẹ ṣe ìṣirò kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Bẹ́ẹ̀dì 6 by 6 jẹ́ ínṣì 72 lọ́nà 72. Fóòmù tó ga ní ínṣì 12 nílò ínṣì 12 sí i ní ọ̀tún, 12 ní òsì, àti 12 níbi ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ínṣì 3 kún un fún orí, aṣọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 96 lọ́nà 87. Aṣọ sì máa ń sún kì díẹ̀ tí wọ́n bá ń rán ìpele mẹ́ta papọ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe é ní 99 lọ́nà 90, kẹ́ ẹ gé èyí tó bá ṣẹ́kù.

Tẹ́ ẹ bá lo ègé ínṣì 5 yẹn, ìlà 20 ni, ègé 22 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ègé 440. Yáàdì ankara kan tó fẹ̀ tó ínṣì 46 máa fún yín ní ègé 63, ìyẹn 7 lọ́nà 9. Yáàdì 7 nìyẹn fún ojú nìkan. Ẹ ò tíì ra ẹ̀yìn, ẹ ò tíì ra inú.

Tí ẹnì kan bá wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ṣe é ní ₦20,000?", ẹ fi ìṣirò yìí ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe ìjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni.

Ẹ bi í nípa ooru náà. Yàrá tí kò ní AC ní Muṣin ò nílò aṣọ tó ki. Ẹ lè lo inú tó fẹ́lẹ́ gan-an, tàbí kẹ́ ẹ fi ojú àti ẹ̀yìn nìkan ṣe é, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, kẹ́ ẹ dín owó rẹ̀ kù.

Iye tó yẹ kẹ́ ẹ tà á

Ẹ jẹ́ ká fi ìbòrí throw pillow kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn iye yìí wà fún ìṣirò nìkan; iye tẹ́ ẹ bá rà á lọ́jà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò wọn.

Ìrépé: ₦500
Aṣọ ẹ̀yìn: ₦1,200
Inú: ₦800
Síípù àti òwú: ₦500
Iná, áyọ́ọ̀nù, epo jẹnẹrétọ̀: ₦400
Ọ̀rá àti káàdì ìdúpẹ́: ₦300
Àpapọ̀: ₦3,700

Iṣẹ́ náà gba wákàtí 3½, láti orí gígé dé orí síípù.

Ní báyìí, ẹni tó tà á ní ₦5,000 rí ₦1,300 lórí wákàtí 3½. Ìyẹn jẹ́ bíi ₦371 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń gba ₦70,000 lóṣù, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lóòjọ́ fún ọjọ́ 22, ń gba bíi ₦398 ní wákàtí kan. Ẹni yẹn ò sì ra maṣíìnì, kò ra data, kò dáhùn DM láago mọ́kànlá alẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ iye wákàtí tiyín? Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ nílò lóṣù sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi wákàtí tẹ́ ẹ lè fi rán nǹkan pín in. Ká ní ₦160,000 lẹ nílò, tẹ́ ẹ sì lè rán nǹkan fún wákàtí 160, ₦1,000 ni wákàtí yín kan.

Ohun èlò ₦3,700, iṣẹ́ ₦3,500: ₦7,200 nìyẹn. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún data, fọ́tò àti èyí tó bá bàjẹ́, ó di ₦7,920. Ẹ wá fi èrè 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó di nǹkan bíi ₦9,500. Owó dẹlífárì kò sí nínú rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, "₦9,500? Ta ló máa rà á?" Ìbéèrè gidi ni. Tí ọjà ò bá gbé e, wákàtí ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ má dín iye tí wákàtí yín tó kù. Ọ̀nà mẹ́ta rèé:

Ẹ mú ègé tóbi sí i. Ègé mẹ́rin tó jẹ́ ínṣì 9½ máa fún yín ní ínṣì 18 yẹn kan náà. Ìlà ìránpọ̀ tó jẹ́ 15 tẹ́lẹ̀ á di 3. Fún ankara tí àwòrán rẹ̀ tóbi, ó tiẹ̀ máa ń dára jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ti mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ rán ojú mẹ́wàá, ẹ lọ mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá ń rán ègé, ẹ má gé òwú láàárín. Ẹ máa ti òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì bí ti àkọ́kọ́ bá ti ń jáde, kẹ́ ẹ tó wá gé gbogbo wọn lẹ́yìn.

Ẹ lo iná NEPA nígbà tó bá wà fún lílọ̀, torí pé áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ epo jẹnẹrétọ̀ jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ẹni tó bá ń lọ aṣọ lórí jẹnẹrétọ̀ ń fi èrè rẹ̀ jóná ni.

Aṣọ ẹbí tó wà nínú wọ́dúróòbù

Ọjà kan wà tó jẹ́ ti Èkó gan-an. Ilé wo ni kò sí aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìgbéyàwó àbúrò, ọjọ́ ìbí 70 màmá, ìsìnkú bàbá. Ẹ lè gba aṣọ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ oníbàárà, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tàbí ti ara ògiri. Oníbàárà ló ni aṣọ, owó iṣẹ́ lẹ máa gbà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í ná an jù, torí pé ìrántí ló ń rà.

Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá ba aṣọ tí ìyá olóògbé wọ̀ kẹ́yìn jẹ́, ẹ ò lè ra òmíràn lọ́jà. Lójú oníbàárà ni kẹ́ ẹ ti ka aṣọ náà, kẹ́ ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ gé. Lace àti aṣọ òkè máa ń tú létí, ẹ lẹ gum stay mọ́ ẹ̀yìn wọn kẹ́ ẹ tó gé e.

Títà á lórí ayélujára

Ní August 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá sí Yábà, ó sì ṣèbẹ̀wò sí Co-Creation Hub. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ni Instagram àti WhatsApp, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú ọjà kéékèèké Èkó ti ń wáyé báyìí. Ẹ ò nílò wẹ́ẹ̀bùsáìtì láti bẹ̀rẹ̀. WhatsApp Business ní ibi tẹ́ ẹ ti lè to ọjà yín pẹ̀lú iye owó wọn, Instagram sì ni àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí á ti rí yín.

Fọ́tò: Márùn-ún tó. Odindi rẹ̀, ìránpọ̀ rẹ̀ nítòsí, ẹ̀yìn rẹ̀, inú síípù, àti ọ̀kan tó wà lórí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ yà á nítòsí fèrèsé láàárọ̀. Ẹ má lo filter, torí tí àwọ̀ bá yàtọ̀ nígbà tó dé, ẹjọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò: Ìwọ̀n ní ínṣì, irú aṣọ, irú inú, bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́, ọjọ́ mélòó ló máa gbà, àti iye owó. Ẹ kọ iye owó síbẹ̀, ẹ jàre. "DM for price" ń lé oníbàárà sá. Ẹ pe aṣọ ní orúkọ tó ń jẹ́ náà. Ẹ má pe Hitarget ní Vlisco.

Owó: Ọjà tó ti wà nílẹ̀, kí oníbàárà san gbogbo owó rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rán fún un ní pàtó, ẹ gba owó tó máa ra ohun èlò, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gbé sísọ́ọ̀sì. Nípa fake alert, ẹ má gba SMS gbọ́, ẹ má gba àwòrán ìsanwó gbọ́. Inú app báńkì yín ni kẹ́ ẹ ti wo owó.

Dẹlífárì láàárín Èkó: Owó dispatch yàtọ̀ láti Súrùlérè dé Yábà àti láti Súrùlérè dé Ajah. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀tọ̀, kó má bàa wọnú èrè yín. Ẹ fi ọ̀rá dì í kẹ́ ẹ tó fi àpò dì í, torí òjò.

Ìlú míì: Gáréèjì Jíbówú ní Yábà wà nítòsí yín, àwọn bọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì máa ń gba wéébíìlì lọ sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sára ẹrù, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà, kẹ́ ẹ sì ya ẹrù náà ní fọ́tò kó tó wọ mọ́tò.

Òkè òkun: ẹ wọn páálí kẹ́ ẹ tó dá iye

Àwọn ọmọ wa ní London àti Houston máa ń ra nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n aṣọ àránpọ̀ ní ìṣòro kan. Ó fúyẹ́, ó sì gba àyè. Àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù bíi DHL máa ń fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ṣírò ìwọ̀n rẹ̀: ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ fi 5,000 pín in. Èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìwọ̀n yẹn àti ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n lẹ máa san.

Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ kílò 2½ nínú páálí 50 lọ́nà 40 lọ́nà 25 máa di kílò 10 lójú wọn. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde dì í, tí páálí wá di 50 lọ́nà 40 lọ́nà 8, ó di kílò 3.2. Owó ọ̀rá kan ló gba yín lọ́wọ́ owó kílò bíi méje.

Ti Amẹ́ríkà tún ní ọ̀rọ̀ míì. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí owó rẹ̀ ò ju dọ́là 800 lọ máa ń wọlé síbẹ̀ láìsan owó ibodè. Láti August 29, 2025, wọ́n ti fagi lé e. Ẹ sọ fún oníbàárà yín níwájú pé ó lè san owó ibodè, kí ó má bàa rò pé ẹ̀yin lẹ fi owó lé owó.

Òfin tó kàn yín

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń bójú tó, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá kọ ínṣì 18, tí 16 sì dé, ẹ̀tọ́ oníbàárà ni láti dá a padà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ kọ "No refund" gàdàgbà sí bio yín. Ẹ wọn ọjà yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Tí ọjà bá ti ń rìn, ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kẹ́ ẹ sì ṣí àkáǹtì báńkì lórúkọ náà. Ẹni tí kò mọ yín rí máa ń fọkàn balẹ̀ tó bá jẹ́ orúkọ òwò ló rí, tí kì í ṣe orúkọ ẹnì kan ṣáá.

Ibi tẹ́ ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rán ìbòrí throw pillow mẹ́rin. Ẹ fi ago fóònù yín ka wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo owó tó jáde, títí kan epo. Ẹ fọ ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ wò bóyá ó ṣí tàbí ó tú. Ẹ gbé mẹ́ta tó kù síta ní iye tí ìwé yín bá sọ.

Tí wọn ò bá tà láàárín oṣù kan, ẹ padà sí orí ègé, kẹ́ ẹ wá ibi tí wákàtí ti ń ṣòfò. Tí wọ́n bá tà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ní "ẹ dín in kù, ìrépé lásán ni" yí yín lérò padà. Ìrépé lásán ni lóòótọ́, kó tó dé ọwọ́ yín.